Ẹ gbà mí o, kóòdù pólímà mi ní gírídì ti so pọ̀ kí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ tó kún

omo_isanlu

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn. Físíìsì ni mò ń kà, ọdún àṣekágbá ni mo wà, ilé ni mo wà ní Ìsánlú báyìí torí wọ́n ti fún wa ní ọlidé, pùrójẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ò sì jẹ́ kí n sùn. Ohun tí súpáfáísọ̀ gbé fún mi ni pé kí n fi kọ̀ǹpútà wo percolation (ìgbà tí nǹkan tó fọ́n ká bá so mọ́ra débi tí ọ̀nà kan gùn láti etí kan dé èkejì) nínú ẹ̀wọ̀n pólímà, ìyẹn èròjà tí ẹyọ kéékèèké inú rẹ̀ so tẹ̀ lé ara wọn bí ẹ̀wọ̀n.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo tẹ́ gírídì 32 lọ́nà 32, ẹ rò ó bí ọpọ́n ayò ńlá kan tí ilé rẹ̀ jẹ́ 1,024. Ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ń gba ilé mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà á ṣàdédé mú ilé kan tó ṣófo, ẹ̀wọ̀n á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, á ṣí sí ilé tó tẹ̀ lé e, á tún ṣí, kò gbọ́dọ̀ padà tẹ ibi tó ti tẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tẹ ibi tí ẹ̀wọ̀n mìíràn wà, títí á fi pé mẹ́wàá. Mò ń dà wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí èèyàn á fi lè gba orí ilé tó kún nìkan rìn láti òkè gírídì dé ìsàlẹ̀. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, mo máa ka ilé tó kún, mo pín in fún gbogbo ilé tó wà, ìyẹn ni pc (kì í ṣe kọ̀ǹpútà o). Ìgbà 200 ni mò ń ṣe é kí n tó mú ìpíndọ́gba.

Wàhálà ibẹ̀ wá nìyí. Tó bá jẹ́ ẹyọ ẹyọ là ń dà sí irú gírídì yìí, ìwé sọ pé pc jẹ́ 0.5927. Èmi tí mò ń da ẹ̀wọ̀n, 0.16 ni mo rí! Mo ní bóyá gírídì ló kéré, mo gbé e sí 64, ó di 0.11. Mo gbé e sí 128, odindi òru ló fi ṣe é, jẹnẹrétọ̀ àbúrò bàbá mi ló gbé lápútọ́ọ̀pù ró, ilẹ̀ mọ́ ó di 0.08. Ọmọ kíláàsì mi kan ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ṣebí ẹ̀wọ̀n gùn, ó yẹ kó tètè so. Súpáfáísọ̀ ní kí n lọ tún un wò, láti ọjọ́ náà kò gbé fóònù mi mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀wọ̀n lè fa pc wálẹ̀ tó báyìí, àbí kóòdù mi ló ń purọ́?

yagba_coder

Bọ̀ọ̀dá, gírídì yín kéré, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sí 1000, ẹ wá lápútọ́ọ̀pù tó lágbára. Àti pé Flory, onímọ̀ kẹ́mísírì, ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti 1941, pc jẹ́ 1 tí a pín fún f−1, f ni iye apá tí nǹkan náà lè fi di òmíràn mú. Tó bá ní apá mẹ́ta, 0.5 ni. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lọ sùn.

omo_isanlu

Ṣùgbọ́n mo ti gbé e tóbi ná, ńṣe ló tún ń lọ sílẹ̀ sí i. Tí mo bá gbé e sí 1000 ṣé kì í ṣe òdo ló máa dà?

egbon_mopa

Yagba_coder, má bínú, àbúrò, o yára jù. Ti Flory yẹn, tí Stockmayer fẹ̀ sí i ní 1943, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ibẹ̀, p kì í ṣe iye ilé tó kún, iye apá tó ti di ọwọ́ ẹlòmíì mú ni. Wọ́n sì gbà pé kò sí òbìrí, pé ẹ̀ka ń yọ ẹ̀ka bí igi, kò sí ẹ̀ka tó tún yí padà wá so mọ́ ara igi. Nínú irú igi bẹ́ẹ̀ apá mẹ́ta máa fún ọ ní 0.5, apá mẹ́rin á fún ọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Orí gírídì tí omo_isanlu tẹ́, òbìrí pọ̀ bí nǹkan míì. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ó yá, ìwọ omo_isanlu. Inú mi dùn pé o gbé gírídì láti 32 lọ sí 128 kí o tó wá bèèrè, torí iye mẹ́ta tí o kọ yẹn ti tú àṣírí. Pc tó bá jẹ́ òótọ́, bí gírídì ṣe ń tóbi ńṣe ló máa ń rìn lọ sí ojú kan, tó bá débẹ̀ á jókòó. Bó ṣe ń fò sókè sódò láti ìgbà kan sí òmíràn náà á máa dínkù, tí o bá sọ ẹ̀gbẹ́ gírídì di ìlọ́po mẹ́rin, fífò yẹn á kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Tìẹ ò jókòó rárá. 0.16, 0.11, 0.08. Wò ó dáadáa, gbogbo ìgbà tí o bá sọ ẹ̀gbẹ́ di méjì, o ń fi bíi 1.4 pín iye náà. Gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì ti 2 nìyẹn! Wá sọ 0.16 di ìlọ́po ara rẹ̀, fi 32 sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣe ti 0.11 pẹ̀lú 64. Ṣe ti 0.08 pẹ̀lú 128. Gbogbo wọn ń bọ̀ sí bíi 0.8.

Jẹ́ ká pe ìpín ilé tó kún ní p, ká pe ẹ̀gbẹ́ gírídì ní L. Kí ló ń jẹ́ p lọ́nà p lọ́nà L? Ilé méjì tó kún nínú òpó kan ṣoṣo, òpó sì jẹ́ L. Ìyẹn ni pé kóòdù rẹ kò nílò ọ̀nà tó gun láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilé méjì péré tó fún un, ó ti pariwo pé ó ti so. Ilé méjì wo nínú òpó kan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ti òkè pátápátá àti ti ìsàlẹ̀ pátápátá, tí nǹkan kan bá ti mú kí àwọn méjèèjì máa fara kan ara wọn.

Sọ fún mi bí o ṣe ń wo aládùúgbò ilé kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù yẹn. Python, èdè kọ̀ǹpútà yẹn, lo fi kọ ọ́ àbí?

omo_isanlu

Python ni o, ẹ̀gbọ́n. Ilé tó wà ní ìlà i, òpó j, mo ń wo i+1, i−1, j+1, j−1. Níbi i+1 àti j+1 mo fi sí i pé kó má kọjá L, torí tí n kò bá fi sí i ó máa ń dá iṣẹ́ dúró tí á ní mo ti kọjá ààlà. Ti i−1 àti j−1 kò dá mi lóhùn rí, mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

egbon_mopa

Ó tán! Àṣírí ti tú!

Nínú Python, tí i bá jẹ́ 0, i−1 di −1, Python ò sì ka −1 sí ìta. Lójú tirẹ̀ −1 ni ìlà tó gbẹ̀yìn. Tí o bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde á pariwo olè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò ní sọ nǹkan kan. O rò pé ẹní ni o tẹ́ sílẹ̀, àṣé o ti ká a, etí òkè ẹní ti lẹ̀ mọ́ etí ìsàlẹ̀. Kí ilé kan kún lókè, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ òpó kan náà kún, ó parí. Fi "i bá ju 0 lọ" síwájú i−1, ṣe bẹ́ẹ̀ fún j−1. Lọ wo ibi tí ẹ̀wọ̀n ti ń rìn náà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ń gba ẹ̀yìnkùlé yẹn bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìyẹn á tún burú jù.

Má tíì ṣe ti ẹ̀wọ̀n mẹ́wàá o. Kọ́kọ́ fi gígùn 1 dán an wò. Tí kò bá fún ọ ní 0.59 àti díẹ̀, kóòdù yẹn kò tíì mọ nǹkan kan, ohunkóhun tó bá sọ nípa ẹ̀wọ̀n, má gbọ́. Lẹ́yìn náà ṣe gígùn 2, òun náà níye tí gbogbo ayé mọ̀, 0.562. Àwọn méjì yìí ni wọ́n máa bá ọ jẹ́rìí níwájú súpáfáísọ̀.

Odindi òru fún 128 yẹn náà, kì í ṣe ẹjọ́ lápútọ́ọ̀pù. Mo fura pé gbogbo ìgbà tí o bá ti da ẹ̀wọ̀n kan sí i lo tún ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo gírídì láti ìbẹ̀rẹ̀. Newman àti Ziff ti fi ọ̀nà tó yá ju ìyẹn hàn ní 2000: ilé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún nìkan ni kí o wò, so agbo tirẹ̀ mọ́ agbo àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí o kọjá. Àwọn tó ti so tẹ́lẹ̀ ṣì so, kí lo tún ń bi wọ́n sí? Owó epo jẹnẹrétọ̀ á dínkù fún àbúrò bàbá rẹ.

alaso_ogidi

Ẹ kú ìjíròrò o ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ físíìsì kankan o, aṣọ ni mo ń hun ní Ògìdì, ọmọ mi obìnrin ló ń ka èyí sí mi létí tí mo ní kó bá mi tẹ ìbéèrè mi. Ẹ̀ ń sọ pé ẹ̀wọ̀n fara kan ẹ̀wọ̀n, ó ti so. Nínú iṣẹ́ tiwa òwú lè gba orí òwú kọjá lẹ́gbẹ̀rún ìgbà kí ìkankan má so mọ́ èkejì, fà á ó máa yọ. Ṣé fífara kan ara náà lẹ̀ ń pè ní síso? Àti ẹ̀kọ nkọ́, ọmọ mi ní pólímà ni ẹ̀kọ náà, òun ló jẹ́ kí n dá sí i, ẹ má bínú.

dokita_gbede

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ni mí, Jámánì ni mo ń gbé, irú kóòdù yìí ni mo fi ń jẹun. Mọ́mì, ìbéèrè yín ni súpáfáísọ̀ rẹ̀ ì bá ti bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tí a ń wá ló máa sọ ohun tí síso jẹ́. Tó bá jẹ́ pé rọ́bà ni a po èédú tó tín-ínrín bí irun mọ́, tí a fẹ́ mọ ìgbà tí iná ẹlẹ́ńtíríìkì á lè gba inú rọ́bà náà kọjá, fífara kan ara tó, kódà kí wọ́n kàn súnmọ́ ara wọn gan-an tó, iná ò bèèrè bóyá wọ́n di ara wọn mú. Àmọ́ tó bá jẹ́ rọ́bà táyà ni, tí a ń fi imí ọjọ́ sè kó lè le, bí Goodyear ṣe rí i ní 1839, ẹ̀wọ̀n méjì lè lọ́ mọ́ra títí ayé, tí imí ọjọ́ kò bá tíì so wọ́n níbì kan, wọ́n á máa yọ̀ kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òwú yín. Nítorí náà omo_isanlu gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé fífara kan ara ni òun ń kà sí síso, kí ó sì sọ irú nǹkan tí òun ní lọ́kàn.

Ti ẹ̀kọ, òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ẹ̀wọ̀n ṣúgà gígùn gígùn ló wà nínú àgbàdo, ẹ sè é wọ́n tú sínú omi, bó ṣe ń tutù wọ́n ń di ara wọn mú, agbo kéékèèké ń dàpọ̀ di ńlá, ìgbà tí agbo kan bá wá gùn láti ẹ̀gbẹ́ ewé kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì ni à ń sọ pé ẹ̀kọ ti ń dì. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya èmi gan-an lẹ́nu. Lásìkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so yẹn, agbo tó gùn yẹn kò nípọn rárá, ihò ló kún inú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ ṣì wà lómìnira kò tíì wọ agbo. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì fi máa ń fọ́ tí ọmọdé bá mì í. Orí gírídì omo_isanlu náà bẹ́ẹ̀ ló rí, ní ojú pc gan-an, bí gírídì ṣe ń tóbi sí i ni ìpín tí agbo ńlá yẹn kó nínú rẹ̀ ń kéré sí i, títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, síbẹ̀ ó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojúlówó ọ̀run àpáàdì fún ẹni tó bá fẹ́ yà á, torí ẹ̀ka rẹ̀ tí kò lọ síbì kankan pọ̀ ju èyí tó ń kọjá lọ.

Broadbent àti Hammersley ló fún percolation lórúkọ ní 1957 o, ọ̀rọ̀ ìbòmú tí wọ́n fi ń sẹ́ afẹ́fẹ́ olóró ló fà á, ihò inú èédú ibẹ̀. Kò kan pólímà nígbà náà.

omo_isanlu

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti mọ́mì, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ méjì ni iná fi lọ ló jẹ́ kí n pẹ́.

Mo ti dí ẹ̀yìnkùlé náà. Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà sọ òótọ́, àmọ́ ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ kò gba ibẹ̀ lọ, ibi tí mo ti ń wo aládùúgbò nìkan ni àṣìṣe wà. Gígùn 1 fún mi ní 0.59, gígùn 2 fún mi ní 0.56, mo pariwo débi pé ìyá mi sáré wọlé. Ọ̀nà tuntun yẹn náà, 128 tó gba òru ọjọ́ yẹn, ká tó yan iṣu kan ó ti parí ìgbà 200.

Mo wá ṣe ti ẹ̀wọ̀n mẹ́wàá. 0.5 àti díẹ̀ ló fún mi, 64 àti 128 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n kò tún jẹ́ 0.5927 o. Ṣé àṣìṣe kan ṣì kù ni?

egbon_mopa

Rárá! Èyí ni òótọ́ tí àṣìṣe àkọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀. Ọmọ kíláàsì rẹ kò jìnnà sí òótọ́, àpọ̀jù ló ṣe. Ẹ̀wọ̀n ń fa pc wálẹ̀ lóòótọ́, torí ilé mẹ́wàá rẹ̀ ti so mọ́ra wọn kó tó dé orí gírídì, kò di dandan kí oríire so wọ́n. Ó jókòó sí ojú kan, ó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ tó ń sá. Ìwọ náà lọ jókòó, kọ orí kẹrin.

dokita_gbede

Kó má tíì kọ ọ́ ná. Omo_isanlu, nígbà tí ẹ̀wọ̀n bá há, tó jẹ́ pé ó ti rin ilé mẹ́fà tí kò sí ibi tó tún lè tẹ̀, kí lò ń ṣe sí i?

omo_isanlu

Mo ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni sà, mo lọ sórí òmíràn.

dokita_gbede

Mo mọ̀. Èyí kò ní pariwo, kò sì ní jẹ́ kí iye rẹ rí bí òmùgọ̀ bíi ti 0.16, ìdí nìyẹn tó fi léwu ju ti −1 lọ. O kọ ọ́ sókè pé ẹ̀wọ̀n rẹ gùn ní mẹ́wàá, nígbà tó jẹ́ pé bí gírídì ṣe ń kún, onímẹ́fà, onímẹ́rin, oníméjì ló ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Lórí gírídì tó ṣófo, ẹ̀wọ̀n tó bá ń rìn lọ ní tirẹ̀ máa ń rin bíi ìṣísẹ̀ 71 ní ìpíndọ́gba kó tó há, mẹ́wàá kò tó nǹkan. Àmọ́ lórí gírídì tó ti kún dé ìdajì, ojú ọ̀nà ti fún. Tó bá há, fa gbogbo rẹ̀ tu, lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn níbòmíràn. Kí o máa ka iye ìgbà tí o fà á tu, kí o kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ.

Kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ ni o fi wọ́n sílẹ̀, wọn kò ráyè nara. Pólímà tòótọ́ kì í dúró gbagidi. Tí o bá fẹ́ kó nara, mú ilé tó wà ní ìrù ẹ̀wọ̀n, gbé e sí iwájú orí rẹ̀ tí àyè bá wà, tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, á máa fà bí ejò tó ń wọ́ nínú koríko. De Gennes lo irú èrò wíwọ́ bí ejò yẹn fún pólímà tó yọ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1991, ẹ̀wọ̀n wà lára iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún un.

Tí ìdánwò bá bi ọ́ pé ṣé bí ẹ̀wọ̀n bá ń gùn sí i ni pc á máa lọ sílẹ̀, má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Fún ọ̀pá tó tọ́ gbọnrangandan, Tarasevich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2012 pé ó ń sọ̀kalẹ̀ títí dé gígùn bíi 13, lẹ́yìn ìyẹn ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀pá gígùn máa ń tò pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà bí igi ìdáná, ìdì kan ò sì tètè kan ìdì kejì. Tìẹ tó ń lọ́ kò tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tó ti ọ̀pá, torí èyí tó bá lọ́ máa ń ká jọ sójú kan, kò nawọ́ jìnnà.

yagba_coder

Ẹ má bínú o, mo ti kọ́gbọ́n. Mo lọ wo kóòdù tèmi fún ọ̀rọ̀ mìíràn, −1 wà níbẹ̀ pẹ̀lú 😂

omo_isanlu

Mo ti ń fà wọ́n tu báyìí sà. Iye náà yí padà díẹ̀, kò pọ̀. Nígbà 200 yẹn, lórí 64, ó fà tu ju bí mo ṣe rò lọ, pàápàá tó bá ti ń súnmọ́ pc. Mo máa kọ iye rẹ̀ sí i. Súpáfáísọ̀ sì ti pè mí padà láàárọ̀ yìí, ó ní kí n gbé e wá.

alaso_ogidi

Ọmọ mi, kú oríire. Ọmọ mi obìnrin fi àwòrán tí o gbé síbí hàn mí, agbo ńlá tó ń gba àárín ihò kọjá yẹn wù mí láti fi ṣe àrà sára aṣọ. Bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí o fi ránṣẹ́. Àmọ́ má fi pupa kùn ún o, ní Àbínú aṣọ ìpò ni wọ́n fi pupa hun, òkú àgbà ni wọ́n ń fi bò. Aró ni kí o lò.

omo_isanlu

Ẹ ṣé mà! Ti 128 ni kí n fi ránṣẹ́ àbí ti 64?

alaso_ogidi

Ti 32. Ọwọ́ ni mo fi ń ka òwú, ọmọ mi, èmi ò ní Python.